Ìbéèrè yín lórí erin tó wà lọ́wọ́ èèyàn, àtẹni tó ń sùn tì í

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sójú ewé yìí nípa àwọn erin tó ń gbé lọ́wọ́ èèyàn nílẹ̀ Éṣíà, pé wọ́n tó bíi 15,000, nígbà tí àwọn tó kù nínú igbó ò ju nǹkan bí 40,000 sí 50,000 lọ, mo wá fi kún un pé tá a bá ń káàánú erin ká má gbàgbé ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní mahout. Gbólóhùn kan péré ni mo fi sọ ìyẹn, òun gan-an ló wá bí gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé látìgbà náà. Àwọn kan gbà pẹ̀lú mi, àwọn kan bínú gidi. Mo mú mélòó kan jáde níbẹ̀, mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ gbogbo yín kúrò.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtọkọ mi ń gbèrò àtilọ sí Thailand lọ́dún tó ń bọ̀, ọkọ mi sì ti ní dandan ni ká gun erin torí gbogbo ẹni tó lọ síbẹ̀ ló ń gbé fọ́tò ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Látìgbà tí mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé ká má gùn ún ni? Wọ́n ní ibòmíì wà tí wọn kì í gùn ún, pé ńṣe lèèyàn máa ń bá wọn wẹ erin lódò, ṣé ìyẹn ò wá dáa báyìí?
— Ìyàwó tó fẹ́ rìnrìn àjò

Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ẹ má gùn ún.

Mo mọ̀ pé ọkọ yín á ní erin tó tóbi tó yẹn, kí lèèyàn méjì jẹ́ lára ẹ̀. Àmọ́ egungun ẹ̀yìn erin ò rí bíi ti ẹṣin o, ṣóńṣó-ṣóńṣó ló yọ sókè lábẹ́ awọ, orí ẹ̀ náà ni wọ́n ń di àga mọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, okùn àga yẹn á máa ha á lábẹ́ ikùn àti nídìí ìrù. Èyí tó tún wá burú ju ìyẹn lọ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀ rárá, ìyẹn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ẹran tó ń gbà kí àlejò gun òun. Erin ò dà bí ajá tàbí ẹṣin tí wọ́n ti ń sìn bọ̀ láti ìran dé ìran títí ìwà igbó fi kúrò lára ẹ̀. Erin tó wà nínú ọgbà lónìí, ìwà erin igbó náà ló ṣì wà lára ẹ̀. Torí náà wọ́n á já ọmọ erin gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, wọ́n á tì í bọ àhámọ́ onígi tí kò lè yí padà nínú ẹ̀, wọ́n á fokùn so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ebi ni, àìsùn ni, igi ni, irin ni, títí ọmọ náà á fi gbà pé èèyàn ló ni òun. Phajaan ni wọ́n ń pe èyí ní Thailand. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ o, àwọn kan ti ń fi oúnjẹ àti sùúrù kọ́ ọmọ erin, àmọ́ àlejò tó dé lónìí ò lè wo ojú erin kó mọ èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Ní ti wíwẹ̀, mo mọ̀ pé ó wu èèyàn, torí ó jọ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n erin mọ bó ṣe ń wẹ ara ẹ̀, ó mọ ìgbà tó fẹ́ wọ odò àti ìgbà tó fẹ́ jáde, ó sì máa ń da iyẹ̀pẹ̀ sára lẹ́yìn ìwẹ̀ kí oòrùn àti kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Erin tó bá wọ odò lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ torí pé tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni wọ́n tà, iṣẹ́ ló ń ṣe, kì í ṣe ìwẹ̀ ló ń wẹ̀. Ní oṣù January 2025 erin kan pa ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ilẹ̀ Spain kan níbi tó ti ń bá a wẹ̀ ní gúúsù Thailand. Olùtọ́jú tó dúró nínú odò pẹ̀lú àwọn àlejò lè rí i pé ara erin òun ò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó ti sanwó pé kó jáde nínú omi?

Ní 2017 ẹgbẹ́ World Animal Protection gbé ìwádìí kan jáde lórí erin bíi 3,000 tó wà níbi ìgbafẹ́ kárí ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n ní ó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin tó ń gbé nínú ìyà. Nítorí náà ẹ wá èyí tó kéré yẹn, ibi tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ máa wo erin bó ṣe ń jẹ̀ káàkiri láàárín àwọn erin bíi tiẹ̀, tí kò sí eré bọ́ọ̀lù, tí kò sí erin tó ń ya àwòrán. Ó lè kọ́kọ́ sú ọkọ yín, kó ní kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kó fara balẹ̀, kó wo ọwọ́jà yẹn bó ṣe ń já koríko, tó ń gbọn erùpẹ̀ ara ẹ̀ dànù sí orúnkún kó tó kì í bọ ẹnu.

Nǹkan kan tún kù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wá olùtọ́jú ọ̀kan nínú àwọn erin náà, ẹ bi í pé ọdún mélòó ló ti wà pẹ̀lú erin yẹn. Tó bá ní ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, ibẹ̀ ṣeé dúró sí díẹ̀. Tó bá ní oṣù méjì, tẹ́ni tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun náà ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ kíyè sára, ibẹ̀ ò dáa fún erin, kò sì dáa fún èèyàn.

*

Olóòtú, ọ̀rọ̀ yín bí mi nínú. Ẹ fẹ́ ká máa káàánú ọkùnrin tó ń fi irin oníwọ̀ gún ẹranko létí? Mo rí fídíò ẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹni yẹn sì jókòó sọ́rùn erin bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí i.
— Ẹni tínú ń bí

Inú tó ń bí yín yẹn ń bí èmi náà, mi ò ní ní kẹ́ ẹ bomi sí i. Ẹ jẹ́ n kàn sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín.

Irin tẹ́ ẹ rí yẹn, ankush ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà, ó ti pẹ́ gan-an lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò á kàn fi kan erin lẹ́yìn etí ni, bí ẹni fọwọ́ tọ́ ọmọ ẹ̀ léjìká pé yà síbí. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lò ló ń gún. Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn wá ni pé kí ló dé tí ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lò fi pọ̀ tó báyìí.

Nígbà kan iṣẹ́ ìdílé ni. Àwọn ẹ̀yà Kui tó wà ní agbègbè Surin ní Thailand, baba ló ń kọ́ ọmọ, ọmọ á bá erin dàgbà, á mọ èyí tó máa ń bínú tébi bá ń pa á àtèyí tí ẹ̀rù ààrá máa ń bà. Ní Nepal, nínú ọgbà erin ìjọba, èèyàn mẹ́ta ló máa ń wà lórí erin kan ṣoṣo: ọ̀gá wọn tí wọ́n ń pè ní phanit, ẹnì kejì tó ń gé koríko, ẹnì kẹta tó ń gbálẹ̀ tó ń se oúnjẹ ẹ̀, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó sọ́rùn. Ìmọ̀ tó wà níbẹ̀ ò kéré rárá.

Nǹkan wá yí padà. Ní November 1988 omíyalé àti ilẹ̀ tó ya pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní gúúsù Thailand, wọ́n ní igi tí wọ́n ń gé láìdábọ̀ ló fà á, nígbà tó fi máa di January 1989 ìjọba fòfin de igi gẹdú gígé nínú igbó. Òfin tó dáa ni o. Àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún erin ló jẹ́ pé gẹdú ni wọ́n ń wọ́, olùtọ́jú wọn náà ò níṣẹ́ mìíì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo iṣẹ́ àwọn méjèèjì tán. Àwọn kan mú erin wọn wá sígboro Bangkok, láàárín mọ́tò, lóru, wọ́n ń ta ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fáwọn tó ń kọjá kí wọ́n lè fún erin jẹ. Àwọn tó kù lọ sídìí àlejò gbígbé. Títí dòní òfin Thailand tọdún 1939 ṣì ka erin tó wà lọ́wọ́ èèyàn mọ́ ẹran arẹrù, bíi ẹṣin àti màlúù, òfin tó ń dáàbò bo erin igbó yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí àlejò ò wá mọ́, àwọn ibùdó tilẹ̀kùn, a rí i bí àwọn olùtọ́jú ṣe ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú erin wọn lórí òkè padà sí abúlé torí ibẹ̀ nìkan ni koríko wà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ ń rí nínú fídíò kọ́ ló lérin. Ẹlòmíì ló ni ín, ó gbà wọ́n síṣẹ́, owó oṣù ẹ̀ ò tó nǹkan, tó bá ní erin ti rẹ̀ lónìí, kó má rù mọ́, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀ lọ́la. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́ yìí ti rí i pé kò pé, wọ́n ti lọ wa ọkọ̀, wọ́n ti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí àwọn olùtọ́jú erin agbẹ́gẹdú ní Myanmar sọ pé téèyàn bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọmọ ọdún 22 ni wọ́n, ìrírí wọn ò sì ju bí ọdún mẹ́ta lọ, wọ́n tún ń gbé wọn láti orí erin kan sórí òmíì. Ẹ wo ọmọ ọdún 22 tí ò wúwo tó kílò 70, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta tí ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù yẹn ló ń di lílù.

Mi ò sọ pé lílù ò jẹ́ lílù. Ẹni tó gún erin títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà, ó ti ṣe ibi, kí wọ́n dá a dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá kó àwọn tó wà nínú gbogbo fídíò yẹn sẹ́wọ̀n lónìí, lọ́la olówó erin á gba ẹlòmíì tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, tó sì tún bẹ̀rù jù wọ́n lọ. Ọ̀nà mìíì wà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ AZA tó ń fọwọ́ sí àwọn ọgbà ẹranko ti ní láti 2014 kí olùtọ́jú máa wà lẹ́yìn ìdènà irin, kó máa fi ọ̀pá tó ní bọ́ọ̀lù kékeré lórí júwe ibi tó fẹ́ kí erin gbẹ́sẹ̀ sí, tó bá gbé e síbẹ̀ kó fún un ní èso, tí erin ò bá ṣe, kó máa lọ, kò sẹ́ni tó máa lù ú. Erin tí wọ́n ń bá lò báyìí á na ẹsẹ̀ jáde fúnra ẹ̀ kí wọ́n bá a gé èékánná, á na etí kí dókítà gbẹ̀jẹ̀. Ọkàn olùtọ́jú náà sì balẹ̀. Owó ló ń ná èèyàn, irin àti ilẹ̀ àti ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olówó erin ò fi fẹ́ gbọ́ ọ.

*

Mo ka ìròyìn pé erin tẹ́ńpìlì kan ní Kerala ní Íńdíà pa olùtọ́jú ẹ̀ tí wọ́n ti jọ wà pẹ́. Ṣé kì í ṣe pé erin ò mọ oore ni?
— Olùkọ́ kan

Rárá o, olùkọ́. Ẹ jẹ́ ká wo bí erin yẹn ṣe ń gbé ná.

Akọ erin tó bá ti dàgbà, ìgbà kan máa ń dé lọ́dún tí ara ẹ̀ máa gbóná, musth ni wọ́n ń pè é. Kì í fi pamọ́ rárá, bá a bá rí erin ká sọ pé a rí erin: ẹ̀bátí ẹ̀ á wú, omi dúdú tó lẹ̀ á máa ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, á máa tọ̀ sí ara ẹsẹ̀ ẹ̀, òórùn ẹ̀ á yí padà. Èròjà tó ń mú akọ jẹ́ akọ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè di ìlọ́po 60. Nínú igbó á máa rìn kiri wá abo ni, àwọn akọ kéékèèké á yà fún un, títí á fi rọlẹ̀. Lọ́wọ́ èèyàn, ṣéènì ni wọ́n ń fi dè é mọ́lẹ̀ lójú kan fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Tó bá wá rọlẹ̀, àwọn kan á tún so ó, wọ́n á lù ú kó lè rántí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Erin yẹn máa ń rántí lóòótọ́.

Ẹ wá fi ti ọdún tẹ́ńpìlì kún un. Látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí dìgbà tí òjò máa dé ni wọ́n ń gbé erin láti ibì kan síbòmíì nínú ọkọ̀ akẹ́rù, á dúró lórí títì ọlọ́dà tó gbóná, èrò á yí i ká, ìlù àti kàkàkí níwájú, báńgà lẹ́yìn, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin lórí ẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn, ọ̀pọ̀ wákàtí. Olówó ẹ̀ ò fẹ́ kó sinmi torí oṣù tí erin ò bá jáde owó ò wọlé. Àwọn mìíì máa ń mú un jáde nígbà tí musth ṣì ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ò tíì tán. Ta ló wá dúró níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀? Olùtọ́jú ni. Òun ló kọ́kọ́ ń kú. Ó lè mọ̀ pé kò yẹ kí erin òun jáde lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò lẹ́nu níbẹ̀.

Kì í ṣe pé òfin ò sí. Kerala ní òfin lórí ìtọ́jú erin tó wà lọ́wọ́ èèyàn láti 2003, wọ́n tún un ṣe ní 2012. Ní November 2024 ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àlàfo tó tó mítà mẹ́ta wà láàárín erin kan sí èkejì níbi ayẹyẹ, pẹ̀lú àwọn ìlànà mìíì lórí ìsinmi àti gbígbé wọn kiri, àwọn tẹ́ńpìlì fárígá, nígbà tó di December ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà dá àṣẹ náà dúró. Ó dùn mí gan-an. Tẹ́ńpìlì kan wà ní agbègbè Thrissur tó jẹ́ pé erin róbọ́ọ̀tì ló ń lò láti February 2023, ó ń mi orí, ó ń mi etí, ó ń gbé èèyàn mẹ́rin, àwọn olùjọ́sìn ibẹ̀ sì gbà á. Ìyẹn fún mi ní ìrètí ju ẹjọ́ lọ.

*

Kí ló dé tí wọn ò kàn tú gbogbo wọn sílẹ̀ kí wọ́n padà sígbó? Ọ̀rọ̀ pọ̀ jù.
— Ọmọ Ọlọ́run

Igbó dà? Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Erin kan ń jẹ tó kílò 150 lóòjọ́, ó ń mu omi tó ju 100 lítà lọ, ibi tí igbó ti kù ní Éṣíà ti há mọ́ àwọn tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń bá àgbẹ̀ jà lójoojúmọ́. Erin tó ti gbé ọgbọ̀n ọdún lọ́dọ̀ èèyàn ò bẹ̀rù èèyàn, oko ló máa kọ́kọ́ wọ̀, ìbọn ló sì máa bá pàdé níbẹ̀. Àwọn mìíì ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Síbẹ̀ wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀, Thailand ti ń dá àwọn kan padà sínú igbó tí wọ́n ń ṣọ́ láti 1997, nínú ètò tí Ayaba Sirikit dá sílẹ̀, ó sì yọrí sí rere fáwọn tí wọ́n yàn dáadáa. Àmọ́ 15,000? Kò ṣeé ṣe.

Èyí tó ṣeé ṣe ni pé kí ibi tí wọ́n wà sún mọ́ igbó. Ní 2008 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi erin tí wọ́n bí sínú ọgbà ẹranko ní Yúróòpù wé àwọn erin agbẹ́gẹdú ní Myanmar. Abo erin Éṣíà tí wọ́n bí sí ọgbà, bíi ọdún 19 ni ìdajì wọn ń lò láyé. Ti Myanmar, bíi ọdún 42. Mo ka nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Erin tó ń wọ́ igi ń pẹ́ láyé ju èyí tí wọ́n ń fún lóúnjẹ tí dókítà ń tọ́jú lójú sìmẹ́ǹtì lọ! Kì í ṣe pé igi wíwọ́ dáa o, wọ́n ń fi ìyà tẹ àwọn yẹn náà lórí ba nígbà ọmọdé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tú u sílẹ̀ sínú igbó, á jẹ ohun tó wù ú, á bá àwọn erin ẹgbẹ́ ẹ̀ pàdé, abo á rí akọ igbó. Tílẹ̀ bá mọ́ olùtọ́jú ẹ̀ á tọ ipasẹ̀ ẹ̀, á máa gbọ́ ohùn agogo onígi tó so mọ́ ọn lọ́rùn, ìgbà mìíì á rìn fún wákàtí mélòó kan kó tó rí i.

Ẹ rántí akọ erin kan tó ń jẹ́ Kaavan náà. Sri Lanka ló fi ta Pakistan lọ́rẹ ní 1985 nígbà tó ṣì kéré, inú ọgbà ẹranko ní Islamabad ló dàgbà sí. Saheli tó jẹ́ ẹnì kejì ẹ̀ kú ní 2012, ó wá ku òun nìkan, á máa mi orí síwá sẹ́yìn níbi ògiri láti àárọ̀ dalẹ́. Ní 2020 ilé ẹjọ́ gíga Islamabad ní kí wọ́n gbé e lọ, ní oṣù November ọdún yẹn wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ọgbà ìdáàbòbò kan ní Cambodia, ibẹ̀ ló ti fi ọwọ́jà ẹ̀ kan erin mìíì fúngbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ.

*

Èèyàn ń jìyà láyé yìí, ẹ̀ ń kọ ti erin. Ó yẹ kójú tì yín.

Ẹni tó kọ èyí ò fi orúkọ sí i. Ojú ò tì mí, àmọ́ mo gbọ́ yín. Ní Nepal ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ràn láti ara èèyàn sára erin, ó sì lè ràn padà láti ara erin sára èèyàn, kòkòrò kan náà ni. Ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ erin tí wọn ò yẹ̀ wò, òun àti ìyàwó àtọmọ ẹ̀ tó ń gbé nínú ọgbà yẹn ló wà nínú ewu, wọn kì í sì í ṣe olówó. Tí dókítà bá wá yẹ erin wò tí kò yẹ olùtọ́jú wò, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ tún wo Mosha, ọmọ erin tí kò tíì pé ọdún kan nígbà tí bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ní ẹnubodè Thailand àti Myanmar ní 2006, ilé ìwòsàn erin tó wà ní Lampang, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ló ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un. Bọ́ǹbù yẹn, èèyàn ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀ fún. Olùtọ́jú erin ń rìn lójú ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́.

*

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún 13 ni mí. Tí wọ́n bá gba erin lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé erin náà máa ń rántí ẹ̀?

Ó ṣeun ọmọ mi, ìbéèrè rẹ ni mo fẹ́ràn jù. Ó máa ń rántí. Ní 2014 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wo erin igbó ní Amboseli ní Kẹ́ńyà gbé ohùn èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sáfẹ́fẹ́ fún wọn, wọ́n rí i pé erin mọ̀ yàtọ̀ láàárín ohùn àwọn ẹ̀yà Maasai tó máa ń fi ọ̀kọ̀ lé wọn àti ohùn àwọn ẹ̀yà Kamba tí kì í dà wọ́n láàmú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tún mọ ohùn ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin àti ti ọmọdé. Tó bá lè mọ ti àlejò tó báyìí, mélòómélòó ni ohùn ẹni tó ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀.

Nígbà mìíì ìrántí yẹn máa ń pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ. Ní Kẹ́ńyà náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Daphne Sheldrick tọ́ ọmọ erin kan tí kò níyàá, Aisha lorúkọ ẹ̀, òun nìkan ló ń tọ́jú ẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọmọ Daphne obìnrin wá fẹ́ ṣègbéyàwó, Daphne ní láti kúrò nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Aisha ò jẹun mọ́. Kí Daphne tó padà dé, ó ti ń kú lọ, ó sì kú lóòótọ́. Ó pẹ́ kí obìnrin yẹn tó lè sọ ìtàn náà láìsunkún.

Lónìí níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ erin aláìníyàá ní Nairobi, àwọn olùtọ́jú máa ń fún wọn ní mílíìkì ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tilẹ̀ bá ṣú olùtọ́jú kan á sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ erin kan, ibùsùn ẹ̀ wà lókè, ọmọ erin wà nísàlẹ̀, ó lè na ọwọ́jà sókè lóru kó fi kàn án bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ wọn kì í jẹ́ kẹ́nì kan ṣoṣo sùn ti ọmọ erin kan náà lálaalẹ́. Ẹni tó sùn ti èyí lánàá á sùn ti òmíì lónìí, wọ́n á máa yí i ká bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn lè di ẹbí fún ọmọ yẹn, kó lè ṣeé ṣe fún olùtọ́jú kan láti lọ wo ìyàwó àtàwọn ọmọ tiẹ̀ náà nílé.